ÀÌRÌNPỌ̀ EJÒ LÓ Ń JẸ EJÒ NÍYÀ: Bí Tẹ́júoṣó Bá Tún Ké, Ta Ni Yóò Gbọ́?

A ò wá fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín lónìí. Ọ̀rọ̀ iná la bá wá, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí yín àti owó tí ẹ fi ń ṣòwò.

Ẹ rántí Tẹ́júoṣó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, nígbà tí oníṣòwò máa ń kó ọjà ọdún sílẹ̀, iná jó ọjà náà. Ohun tí èèyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ di eérú. Ó di oṣù Kẹjọ ọdún 2014 kí ìjọba tó ṣí ọjà tuntun alájà púpọ̀ tí wọ́n kọ́ síbẹ̀. Ẹ fọwọ́ kà á: ó lé ní ọdún mẹ́fà àti ààbọ̀! Nígbà tí wọ́n sì ṣí i tán, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti ń tajà níbẹ̀ láti àtijọ́ ló pariwo pé owó ṣọ́ọ̀bù ti ga ju agbára àwọn lọ. Iná lé wọn jáde, owó kò jẹ́ kí wọ́n padà wọlé.

Ìjọba ní àwọn ti kọ́ ilé. Ó dáa, a ti rí ilé. Ilé kọ́ là ń bèèrè lónìí. Ohun tí à ń bèèrè rèé: bí iná bá tún yọ ní Tẹ́júoṣó lóru òní, ta ni yóò kọ́kọ́ gbọ́? Ta ni ẹni tó gbọ́ yóò sọ fún? Ìṣẹ́jú mélòó ni yóò kọjá kí gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn tó mọ ohun kan náà? Ṣé ìwé kan wà tí gbogbo wọn jọ ń wò, àbí oníkálukú ló ń di tirẹ̀ mú?

ÀWỌN WO LÓ NI IṢẸ́ NÁÀ?

Ẹ jẹ́ ká kà wọ́n pọ̀. Ọjà Tẹ́júoṣó wà lẹ́bàá ààlà. Ìjọba ìbílẹ̀ Sùúrùlérè lọ́wọ́ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Yábàá ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, Yábàá sì wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Mainland. Iléeṣẹ́ ojú irin tó gba àdúgbò náà kọjá, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ọkọ̀ ojú irin Red Line tó ń ná Yábàá láti ọdún 2024, ti Ìpínlẹ̀ Èkó ni. Panápaná méjì ló wà: ti ìpínlẹ̀ wà, ti ìjọba àpapọ̀ wà. Àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ pàjáwìrì náà jẹ́ méjì: LASEMA ti ìpínlẹ̀, NEMA ti ìjọba àpapọ̀. LASAMBUS ló ni ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn. LASTMA ló ń darí ọkọ̀ lójú títì. Ọlọ́pàá àti sífù dìfẹ́ǹsì ló yẹ kó lé àwọn ọmọọ̀ta tó ń fi iná bojú jalè. Iléeṣẹ́ mànàmáná ló lè pa iná inú wáyà. Ilé ìwòsàn ńlá tó súnmọ́ ibẹ̀, LUTH ní Ìdí-Àràbà, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Mainland Hospital tó wà ní Yábàá, ìpínlẹ̀ ló ni ín.

Ẹ kà á dáadáa, iléeṣẹ́ mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀, a ò tíì ka ìjọba ìbílẹ̀ mọ́ ọn. Mẹ́tàlá! Ọ̀gá wọn ò pọ̀ mọ́ra, owó oṣù wọn ò ti ibì kan náà wá, nọ́ńbà tí à ń pè wọ́n sí kì í ṣe ọ̀kan. Wọ́n ní ká pe 112. Wọ́n tún ní ká pe 767. Panápaná tún ní nọ́ńbà fóònù tirẹ̀, ọlọ́pàá ní tirẹ̀. Ìyá arúgbó tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, tí èéfín ti ń yọ lókè orí rẹ̀, ewo ni kó kọ́kọ́ tẹ̀?

Iná kì í bèèrè bóyá ti ìpínlẹ̀ ni àbí ti ìjọba àpapọ̀. Iná kì í dúró sí ààlà Sùúrùlérè kó ní òun ò kọjá sí Mainland.

OHUN TÍ À Ń PÈ NÍ ÌWÉ KAN ṢOṢO

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gírámà dẹ́rù bà yín. Nǹkan kan wà tí àwọn ìlú tó mọ ọ̀ràn ara wọn ń lò, ètò orí kọ̀ǹpútà ni, tí wọ́n fi ń bójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Bí ìpè bá ti wọlé, wọ́n á ṣí ìwé kan fún ìṣẹ̀lẹ̀ náà, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà. Ibi tó ti ṣẹlẹ̀ wà nínú rẹ̀, àkókò tí ìpè wọlé wà nínú rẹ̀, ẹni tó pè wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo iléeṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn ń wo ìwé kan náà lójú kan náà. Panápaná kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ ti jáde. Iléeṣẹ́ mànàmáná kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ti pa iná wáyà, kí ẹni tó ń da omi má baà kú. LASTMA rí i pé ọkọ̀ panápaná ń bọ̀ láti Ojúẹlẹ́gba, wọ́n sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ dè é. Ilé ìwòsàn kọ ọ́ síbẹ̀ iye bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo, kí ọkọ̀ tó gbé ẹni tí iná jó má baà máa ti ẹnu ọ̀nà kan lọ sí òmíràn.

Ẹ wá fi ojú inú wo bí nǹkan ṣe lè rí níbi tí ìwé bẹ́ẹ̀ kò sí. Panápaná dé, wáyà ṣì ń yọná, wọn ò lè da omi. Wọ́n pe iléeṣẹ́ mànàmáná, fóònù kò lọ. Ọkọ̀ omi kejì há sáàárín dánfó, nítorí ẹni tó ń darí ọkọ̀ kò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Iléeṣẹ́ mẹ́ta rán èèyàn wá síbi kan náà, ẹyọ ẹnì kan kò sì sí lẹ́yìn ọjà níbi tí àwọn èèyàn há sí. Kò sí ọ̀lẹ nínú wọn o! Gbogbo wọn ló ń sáré. Àmọ́ àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Nǹkan méjì ni ètò náà gbọ́dọ̀ ní, ẹ di méjèèjì mú. Èkíní, ó gbọ́dọ̀ lè bá ti ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà LASEMA gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà NEMA, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n. Eléyìí kì í ṣe àlá. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní CAP, èdè kan tí ẹ̀rọ gbogbo lè fi gbé ìkìlọ̀ fún ara wọn, ẹnikẹ́ni tó wù ó ṣe ẹ̀rọ náà. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ ní ààbò. Bí orúkọ aláìsàn bá wà nínú ìwé, ẹni tó ń darí ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ rí i. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé èèyàn ti kúrò ní apá kan ọjà, olè kò gbọ́dọ̀ kà á. Ẹni tó bá sì ṣí ìwé náà wò, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí a lè mọ ẹni tó tú àṣírí.

YÁBÀÁ NI WỌ́N TI ṢE É RÍ

Wọ́n á sọ fún yín pé nǹkan òyìnbó nìyẹn, pé Nàìjíríà kò tíì dé ibẹ̀. Irọ́ ni! Yábàá níbí, tí kò jìnnà sí Tẹ́júoṣó rárá, ni a ti rí ẹ̀rí rẹ̀.

Ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan, Patrick Sawyer, gbé àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó láti Làìbéríà. Gbogbo ayé ń wárìrì. Èkó tí èèyàn rẹ̀ pọ̀ bí yanrìn, bí àrùn náà bá wọ inú dánfó, tó wọ ọjà, ta ni yóò kù? Dókítà Ameyo Adadevoh kò jẹ́ kí ọkùnrin náà jáde kúrò ní ilé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fínná mọ́ ọn. Obìnrin yìí fi ẹ̀mí rẹ̀ san án. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹjọ ọdún náà ló kú, ní ibi tí wọ́n ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀ sí ní Yábàá. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Kí ni ìjọba ṣe nígbà náà? Wọ́n dá ibùdó kan ṣoṣo sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ jókòó síbẹ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó jókòó síbẹ̀, àwọn àjọ ìlera àgbáyé jókòó síbẹ̀. Àwọn tó ti ń lé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀ wa mú ìmọ̀ wọn wá. Ọ̀gá kan ló ń darí gbogbo wọn. Orúkọ gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn, wọ́n kó o sójú kan: èèyàn 894. Wọ́n ń lọ bá wọn nílé lójoojúmọ́, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò bóyá ara wọn gbóná. Ìbẹ̀wò náà tó bíi 18,500. Fóònù ọwọ́ ni wọ́n fi ń ròyìn padà sí ibùdó. Èèyàn 20 ni àrùn náà mú, àwọn 8 kú. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún 2014, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Ẹ̀bólà ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti dùn. Ta ló wà lórí oyè nígbà náà? Ní Àbújá, PDP ni. Ní Èkó, APC ni. Wọ́n ń bú ara wọn lórí rédíò láàárọ̀ lálẹ́, ìdìbò ọdún 2015 ti ń kanlẹ̀kùn. Síbẹ̀ wọ́n jókòó sídìí tábìlì kan, wọ́n wo ìwé kan, wọ́n sì ṣẹ́gun. A ò ní ṣe àbòsí: ẹni tó bá ṣe dáadáa, a ó sọ pé ó ṣe dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2015, APC ló ń ṣàkóso ní Àbújá, APC náà ló ń ṣàkóso ní Èkó. Ọ̀tá ò sí láàárín mọ́. Baba kan náà, ìyá kan náà. Bí ọ̀tá méjì bá lè jọ wo ìwé kan lọ́dún 2014, kí ló dé tí ọmọ ìyá méjì kò fi lè sọ fún wa pé, "Ìwé náà rèé, ó wà fún iná, ó wà fún ilé tó wó, ó wà fún omíyalé"?

JÁMÁNÌ MÚ TIWA LÒ

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ nígbà Ẹ̀bólà kò ṣègbé. Lọ́dún 2014 yẹn náà ni àwọn onímọ̀ láti Nàìjíríà àti láti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n sọ ní SORMAS, wọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí ni wọ́n fi ṣe é. Nọ́ọ̀sì tó wà ní abúlé á fi fóònù rẹ̀ kọ ohun tó rí. Ẹni tó wà ní yàrá ìdánwò á rí i. Ọ̀gá tó wà ní Àbújá á rí i. Oníkálukú ń rí ohun tó kan iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan. Wọn kì í sì í tà á: ẹnikẹ́ni ló lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kó tú inú rẹ̀ wò, kó sì tún un ṣe. Lọ́dún 2017, nígbà tí àrùn ọ̀bọ yọ ní Nàìjíríà, òun ni wọ́n lò. Lọ́dún 2020 tí Kòrónà dé, Jámánì pàápàá gbé e fún ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìlera ìbílẹ̀ tiwọn láti lò.

Ẹ gbọ́ o! Jámánì tí a ti ń ra mọ́tò lọ́wọ́ wọn, àwọn ló mú ètò tó ti inú wàhálà Èkó jáde lò. Bẹ́ẹ̀ panápaná tó yẹ kó gba ọjà yín là ṣì ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Ohun tó bá àrùn mu kò lè ṣàìbá iná mu: kí gbogbo ojú wo ìwé kan, kí ọwọ́ má tẹ àṣírí ẹni, kí èdè ẹ̀rọ yé ara wọn.

ÀWỌN TÓ TI JẸ ÌYÀ RẸ̀ ṢÁÁJÚ

Kì í ṣe àwa nìkan ni àìrìnpọ̀ ti bá jà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, lóṣù Kọkànlá ọdún 1935, ilé kan jó ní àdúgbò Wimpole Street, obìnrin márùn-ún kú. Aládùúgbò kan ti gbé tẹlifóònù láti pe panápaná, àmọ́ wọ́n fi í sórí ìlà pẹ̀lú àwọn tó ń pè fún ọ̀rọ̀ lásán. Ó fìbínú kọ̀wé sí ìwé ìròyìn. Ọdún méjì kò pé, ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà ọdún 1937, ìjọba wọn dá nọ́ńbà 999 sílẹ̀. Ikú èèyàn márùn-ún ló mú wọn ta jí.

Ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, nígbà tí ilé gogoro méjì ń jó ní New York, ọlọ́pàá tó wà nínú hẹlikọ́pítà rí i pé ilé tó kù fẹ́ wó, wọ́n kìlọ̀. Rédíò ọlọ́pàá ni ìkìlọ̀ náà bá lọ. Rédíò panápaná kò gbọ́ ọ. Òṣìṣẹ́ panápaná 343 ló kú lọ́jọ́ náà. Olówó ni Amẹ́ríkà o! Owó kò gbà wọ́n, nítorí rédíò wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Kí á padà sílé. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní ọdún 2002, ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè Ìkẹjà. Èèyàn ń sá lóru, wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń sá lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ẹ má gba ibí, ẹ gba ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, obìnrin àti ọmọdé, ló já sínú kánàlì Òkè-Àfà tí wọ́n sì kú sínú omi. Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ohun ìjà ti ìjọba àpapọ̀ ni, èèyàn tó kú ti Èkó ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road, Ìkòyí. Èèyàn tó ju 40 lọ ló kú síbẹ̀. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ẹbí ń dúró síta, iye èèyàn tó wà nínú ilé náà kò sì dájú. Ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso Èkó láti ọdún 1999 ti pa orúkọ dà láti AD sí AC, láti AC sí ACN, láti ACN sí APC. Orúkọ ń yí, ọ̀fọ̀ kò yí.

WỌ́N Á FÈSÌ, Ẹ GBỌ́ ÌDÁHÙN

Wọ́n á ní: "Kọ̀ǹpútà kì í pa iná, omi ló ń pa á." Òótọ́ ni! A ò jiyàn. Omi, ọkọ̀, òṣìṣẹ́ tó gba owó oṣù lásìkò, ìwọ̀nyí ló ṣáájú. Ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà wá láìgbé omi wá, ẹlẹ́tàn ni. Àmọ́ omi tó ṣìnà, omi náà kọ́ ni. Ọkọ̀ omi mẹ́ta tó há sí Ojúẹlẹ́gba kò sàn ju àìní ọkọ̀ lọ.

Wọ́n á ní: "112 ti wà, ibùdó ti wà ní Ọ̀ṣòdì." A mọ̀. A kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dáhùn ìpè níbẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ ìpè tó wọlé kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbọ́ ìpè tán, ṣé LUTH rí i? Ṣé iléeṣẹ́ mànàmáná rí i? Ṣé NEMA rí i? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kí aráàlú wá wò ó. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta: ìpè mélòó ló wọlé láti Yábàá, láti Múṣin, ìṣẹ́jú mélòó ni ọkọ̀ fi dé ibẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ dáadáa kì í fi ìwé iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́.

Wọ́n á ní: "Ẹ jẹ́ ká gbé kọ́ńtíráàtì ńlá fún ilé iṣẹ́ òkèèrè." Ibẹ̀ gan-an la ti ń bẹ̀rù wọn! Ẹ wo ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 2004 wọ́n dáwọ́ lé ètò FiReControl, wọ́n fẹ́ kó ibùdó panápaná 46 pọ̀ sí 9. Wọ́n kọ́ ilé ńláńlá, kọ̀ǹpútà kò ṣiṣẹ́, ilé ṣófo. Lóṣù Kejìlá ọdún 2010 wọ́n pa á tì. Àwọn olùyẹ̀wò owó ìjọba wọn sọ pé ó kéré tán, 469 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ló ṣòfò. Kí ló fà á? Àwọn ọ̀gá jókòó sí olú ìlú, wọ́n ra nǹkan fún panápaná láìbá panápaná gbìmọ̀. Bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní olùyẹ̀wò bá pàdánù bẹ́ẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ́ńtíráàtì san gbèsè ìdìbò ńkọ́?

Wọ́n á tún ní: "Ẹ ò bẹ̀rù kí wọ́n jí orúkọ yín?" A bẹ̀rù rẹ̀. Ìdí rèé tí a fi ń sọ̀rọ̀ ààbò. Àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀bólà mọ ohun tí ojú wọn rí, bí àwọn kan ṣe ń sá fún wọn. Òfin ààbò ọ̀rọ̀ ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023. Iṣẹ́ tó kù ni kí ìjọba tẹ̀ lé e.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ WA YÓÒ ṢE

A ò ní ṣèlérí òṣùpá. Nǹkan mẹ́fà la fọwọ́ sí, ẹ gé e sílẹ̀ kí ẹ fi mú wa:

1. Nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá pè é láti Tẹ́júoṣó tàbí láti Ẹ̀pẹ́ yóò bá ẹni tó gbọ́ Yorùbá, Ẹ̀gùn, Haúsá tàbí Ìgbò sọ̀rọ̀.

2. Ìwé kan ṣoṣo fún ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan. A ó gbé òfin kalẹ̀ fún gbogbo iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ jọ lò ó, a ó sì bá ti ìjọba àpapọ̀ ṣe àdéhùn tí aráàlú lè kà.

3. Ètò tí a lè tú wò, tí kò so wá mọ́ kọ́ńtírákítọ̀ kan. Bí ẹni tó ṣe é bá lọ, àwọn ọmọ wa láti Yabatech àti Unilag yóò lè máa tún un ṣe. Ṣebí Yábàá náà ni ẹ̀ ń pariwo pé kọ̀ǹpútà ti ń hù bí koríko?

4. Ààbò. Oníkálukú yóò rí ohun tó kan iṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá tú àṣírí aláìsàn yóò rojọ́ níwájú adájọ́.

5. Ohun tí a ó lò bí iná mànàmáná bá lọ. Bátìrì, rédíò ọwọ́, àti ìwé tí wọ́n fi bírò kọ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Ètò tó bá kú nígbà tí NEPA bá mú iná, kì í ṣe ètò pàjáwìrì.

6. Ìyálọ́jà, bàbálọ́jà, àwọn alága gáréèjì àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò yóò wà nínú rẹ̀. Àwọn ló mọ ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà, àwọn ló mọ ibi tí wọ́n ń kó kẹrosíìnì àti gáàsì sí. A ó máa ṣe ìdánwò lọ́dọọdún lójú gbogbo ayé: a ó lu agogo, a ó sì ka ìṣẹ́jú.

OHUN TÍ Ẹ̀YIN Ó ṢE

Bí olóṣèlú bá wá sí ọjà yín pẹ̀lú ìlù àti ìrẹsì, ẹ gba ìrẹsì bó bá wù yín, àmọ́ ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: bí iná bá yọ níbí, ta ló ń darí? Kó dárúkọ ipò ẹnì kan, kó má ṣe dárúkọ iléeṣẹ́ mẹ́wàá. Èkejì: níbo la ti lè ka iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi dé ibi iná tó kọjá? Ẹ̀kẹta: ìwé wo ni ẹ̀yin àti ìjọba àpapọ̀ jọ ń wò? Bó bá ń wòkè, tó ń wolẹ̀, tó ní kí wọ́n tún lu ìlù sí i, ẹ ti gbọ́ èsì yín.

Ẹ bi àwa náà bẹ́ẹ̀. A ò ní bínú. Bí a bá dé ibẹ̀ tí a ò ṣe é, ẹ lé wa kúrò.

Ẹni tí ọjà rẹ̀ jó kò ní ọdún mẹ́fà àti ààbọ̀ tí yóò fi dúró. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ sílé ìwé lọ́jọ́ Ajé. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ọwọ́ mẹ́tàlá tí kò gbọ́ ti ara wọn, wọn ò lè gbé igbá kan. Àwọn tó lé Ẹ̀bólà ti fi hàn wá ní Yábàá pé a lè jọ gbé e. Àwọn tó wà lórí oyè ní ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láti kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí ìbò yín ran ìrántí wọn lọ́wọ́.

Ẹ mú káàdì ìdìbò yín jáde. Ẹ sọ fún aládùúgbò. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń pín ìsọ̀. Lọ́jọ́ ìdìbò, kí a jí ní kùtùkùtù.

ÌPÈ KAN! ÌWÉ KAN! ÌLÚ KAN!